Ọ̀já Tí Mo Fi Ń Ya Fọ́tò

Bí ẹ bá bu omi kún ife gbé fún mi, ẹ ti fi omi náà ṣòfò. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ọwọ́ ìyá bàbá mi gbọ̀n, ọwọ́ bàbá mi gbọ̀n, nígbà tó sì kàn mí, ọwọ́ tèmi náà ò fẹ́ ya ìdílé sílẹ̀. Kì í dùn mí, n kò sì ṣàìsàn. Ó kàn ń gbọ̀n ni, pàápàá nígbà tí mo bá fẹ́ kó dúró. Àwọn tí ò mọ̀ mí rí máa ń rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Àwọn tó mọ̀ mí díẹ̀ máa ń rò pé mo ń mutí. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa kì í gbé ọbẹ̀ gbígbóná lé mi lọ́wọ́ níwájú àlejò.

Èmi yìí náà ni mo wá di onífọ́tò ní Port Harcourt, nígbà tí ogun ṣì ń jà lọ́wọ́.

Ọkọ mi ló fà á. Akọ̀wé ni ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt lọ́dún 1968, wọ́n kó òun àti àwọn kan lọ síbẹ̀ kí èbúté ibẹ̀ lè padà máa ṣiṣẹ́. Bí ọdún tó tẹ̀lé e ṣe bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ pọ̀n, mo tẹ̀lé e. Ilé tí wọ́n fún wa wà nítòsí Rumuola. Ilé tó dára ni, àfi pé ihò ọta ìbọn kún ara ilẹ̀kùn ìta. Àwọn tó ni ín ti sá lọ, a ò sì mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àwo ìjẹun wọn ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fọ àwọn àwo náà, mo kó wọn sí apá kan, a ò sì fi jẹun rárá.

Ọwọ́ atukọ̀ òkun kan ni ọkọ mi ti ra kámẹ́rà náà. Ọkọ mi fẹ́ràn kámẹ́rà gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yà tí kò gé lórí. Ó yà mí lọ́jọ́ ìkómọ ọmọ wa, bàtà mi jáde dáadáa. Ó ya ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó mú un láti táì lọ sísàlẹ̀. Èmi ní tèmi, mo ń rí orí, mo ń rí ẹsẹ̀, ọwọ́ ni kì í dúró. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Nígbà tó gé ọ̀gá rẹ̀ lórí lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé kámẹ́rà náà fún mi, ó ní ẹni tó ń mì lójú fọ́tò ṣì sàn ju ẹni tí ò lórí lọ.

Ǹ bá má dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìlú náà ò ní onífọ́tò mọ́. Àwọn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti bá àwọn èèyàn wọn sá lọ, ṣọ́ọ̀bù wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Sójà ló kún ìgboro, n kò sì tíì rí sójà tí kì í fẹ́ ya fọ́tò. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé kámẹ́rà wà nílé wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn ò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n yà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè ibi tó ti ṣàn wá.

Mo wá kọ́ bí a ṣe ń tan ọwọ́ jẹ. Mo kọ́ pé oòrùn gangan ni kí n máa yà á, nítorí nínú oòrùn, kíá ni kámẹ́rà ń la ojú rẹ̀ tó sì ń pa á dé, kí ọwọ́ tó rántí àrùn rẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń fẹ̀yìn ti ògiri. Mo kọ́ bí a ṣe ń séèémí. Mo kọ́ pé a kì í gbá bọ́tìnì mọ́lẹ̀. Ìka la fi ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá máńgòrò ti rọ̀. Síbẹ̀ ìgúnpá mi ń ta ko mí. Ọmọ mi ti ń rìn nígbà yẹn, ọ̀já rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, mo mú ọ̀já náà, mo fi gbá ìgúnpá mi méjèèjì mọ́ ìhà, mo ní kí ọkọ mi so ó lẹ́yìn mi, mo sì fi kámẹ́rà ti iwájú orí. Ìgúnpá ò ríbi lọ mọ́. Fọ́tò ọjọ́ yẹn ni fọ́tò mi àkọ́kọ́ tí ènìyàn mọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Obìnrin Ikwerre kan wà ní àgbàlá kejì sí tiwa, abara gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń ta kai-kai, ìyẹn ògógóró tiwọn níbẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó dúró wò mí títí.

“My sister, who you dey back for front so?”

“Na my hand,” ni mo dá a lóhùn.

“E don sleep?”

Mo ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà tó ń wá wà lára àwọn tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà Aba. Ọmọ ìlú kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó kọ àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ya bí ẹ̀ka igi. Ó ní nígbà tí olóòlà ń kọ ọ́ fún òun ní kékeré, ọwọ́ bàbá náà yẹ̀. Mo ní kí ó bá mi kí bàbá náà, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Fọ́tò tó máa fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Ẹnìkan láti ìlú rẹ̀ ń múra àtilọ sílé fún lífù, ìyẹn ìsinmi ráńpẹ́. Mo ní kó wá nínú oòrùn. Ó ní rárá, òógùn á bo òun, ìyá òun á rò pé òun ń jìyà lójú ogun. Ìrọ̀lẹ́ ló wá, tó ti lọ aṣọ sójà rẹ̀ tí ó ń dán. Mo mú un dúró síwájú ilẹ̀kùn wa, mo di ọ̀já mi, mo fẹ̀yìn ti igi máńgòrò, mo séèémí, mo tẹ̀ ẹ́.

A ò rẹ́ni fọ fíìmù nílùú nígbà náà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó la máa ń fi rán. Nígbà tí fọ́tò dé, ara mi wó. Ojú ọkùnrin náà ti di mẹ́rin. Ìlà ojú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, ó rí bàìbàì bí èéfín, bí ẹni pé kò kanlẹ̀ rárá. Ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ mi.

“Ó kéré tán,” ló wí, “ilẹ̀kùn wa jáde dáadáa.”

Mo pòṣé sí i. Mo bẹ sójà náà kó jẹ́ kí n tún un yà. Ó kọ̀, ará ìlú rẹ̀ ti ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tilẹ̀ ní fọ́tò náà wu òun, àyà òun fẹ̀ níbẹ̀. Ó mú ọ̀kan lọ, ó fi èkejì sílẹ̀ fún mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá. Lọ́jọ́ tó wá, kò kí mi.

“Àǹtí, ẹ ti pa mí.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó yọ fìlà, ó wá ṣàlàyé. Ará ìlú rẹ̀ ti dé láti ilé. Ní ilé, wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ àhesọ pé ó bá omi lọ níbi tí wọ́n ti ń sọdá odò kan. Ìyá rẹ̀ ò gbà. Ó ń retí. Fọ́tò wá dé, wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n wò ó. Ojú mẹ́rin, ẹsẹ̀ tí ò kanlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ké. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí sì sọ ohun tó wà nínú gbogbo wọn jáde: àkúdàáyà ni. Ó ti kú lóòótọ́, ó wá ń gbé ayé mìíràn ní ilẹ̀ tí ẹnìkan ò ti mọ̀ ọ́n. Àti pé níbo ló tún jìnnà ju Port Harcourt lọ?

“Ẹni tó gbé fọ́tò lọ ńkọ́?” ni mo bi í. “Kò sọ fún wọn pé ẹ jọ wà níbí ni?”

“Ó sọ o! Ó ní a jọ jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ tó kúrò. Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń jẹ ẹ̀bà.”

“Tí ẹ bá wá kọ̀wé ńkọ́?”

“Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń kọ̀wé. Àǹtí, no be small wahala. Kò sí ohun tí mo lè ṣe tí àkúdàáyà ò lè ṣe, àfi ẹyọ kan. Bàbá yẹn ní òkú kì í dúró fún kámẹ́rà.”

N kò mọ ibi tí bàbá àgbà ti kọ́ ìyẹn. N kò rò pé bàbá tó bí i rí kámẹ́rà rí.

Èyí tó burú jù ló kù. Wọ́n ti pinnu pé bí oṣù yẹn bá parí, wọ́n á ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó fún àbúrò rẹ̀. “Àbúrò yìí,” ló ń wí, “èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà, èmi ni mo ra ayùn fún un.” Ìyàwó náà ń sunkún pé òun ò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tirẹ̀? Ìyá rẹ̀ nìkan ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ó ní bí fọ́tò mìíràn bá dé, tí òun rí ìlà tó yà yẹn lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, tí òun rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ tí òjìji rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ìyàwó ọmọ òun.

Ó ti tọrọ lífù, wọn ò fún un. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí ọ̀nà Oyigbo, lójú ogun gan-an, lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi náà ń bá ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì yẹn. Ọta ìbọn wá ọkùnrin yìí títí kò rí i, fọ́tò tèmi ló wá rí i pa. Mo wo ọwọ́ mi, inú bí mi sí i bí ẹni pé ó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọkọ mi ní bóyá kí òun yà á. Mo ní kó jókòó. Bí wọ́n bá rí fọ́tò tí ò lórí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á se sàráà rẹ̀.

Láàárọ̀, oòrùn yọ dáadáa. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Obìnrin Ikwerre náà gbé kai-kai wá nínú ife kékeré.

“Drink am. Your hand go quiet.”

Mo ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Sójà náà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo di ọ̀já mi, mo fẹ̀yìn ti igi, mo fi ojú sí ihò kámẹ́rà. Ilẹ̀kùn wa dúró ṣinṣin. Ihò ọta ìbọn dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà láàárín wọn ń mì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú aṣọ tó lọ̀ tó le koko yẹn. Bí mo ṣe ń sọ fún un pé kó dúró, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ̀n sí i.

Mo wọlé, mo mú fọ́tò èkejì tó fi sílẹ̀ fún mi jáde. Ilẹ̀kùn wa jáde dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi ti wí. Gbogbo ihò ara rẹ̀ pé, ó mọ́lẹ̀ kedere. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n, ilẹ̀kùn náà ì bá gbọ̀n. Gbogbo wa ti dá ọwọ́ mi lẹ́bi, èmi gan-an ló sì kọ́kọ́ dá a lẹ́bi. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbójú sókè wo ọkùnrin náà, inú mi ò sì dùn mọ́.

“Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe yín?” ni mo rọra bi í.

“Kí ni?” Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Mo ń wò ó. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

“Láti ìgbà tí a sọdá odò yẹn,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ẹnìkan ò mọ̀. Àǹtí, abeg, sójà kì í gbọ̀n.”

“Èmi ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo sì ń jẹun.”

Kò rẹ́rìn-ín. Mo tú ọ̀já kúrò lára mi, mo gbé e fún ọkọ mi. Mo ní kó mú un wọlé, kó fi gbá a lábẹ́ aṣọ láti abíyá dé ìbàdí, kó fà á le, bí wọ́n ṣe ń di abiyamọ níkùn lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n jáde, sójà náà ń rìn gbọnrangandan bí ọba. Mo ní kó fẹ̀yìn ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró. Èjìká rẹ̀ rọlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀já kan ṣoṣo ló wà, ẹni méjì ló sì ń gbọ̀n. Bí mo ṣe gbé kámẹ́rà báyìí, ìgúnpá mi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àpòtí kan wà nílẹ̀. Mo bẹ obìnrin Ikwerre náà kó jókòó lé e níwájú mi, kó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé ìgúnpá mi lé èjìká rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Èjìká náà tẹ́jú, ó sì le.

“Make you no laugh o,” ni mo wí.

“I no dey laugh,” ló wí, gbogbo èjìká sì ń mì fún ẹ̀rín.

“Dem wan give another man him wife.”

Ẹ̀rín náà dá wáí. Ogun ti lé òun náà kúrò nílé rí, n kò sì tíì gbọ́ kó dárúkọ ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe séèémí. Èmi náà séèémí. Sójà náà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí oòrùn díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, mo yí fíìmù, mo tún tẹ̀ ẹ́, títí fíìmù fi tán.

Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí lójú.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n máa mú ọ̀já yìí lọ.”

Mo ní kó máa mú un lọ.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi fọ fíìmù náà l'Ékòó, ó fi ọ̀kan rán awakọ̀ tó ń lọ sí ìlú wọn, ó sì mú ọ̀kan wá fún wa. Mo gbé e sínú oòrùn wò. Ìlà tó yà náà wà níbẹ̀, èèyàn lè fi ìka tọ̀ ọ́. Bàtà rẹ̀ wà nílẹ̀. Òjìji rẹ̀ nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀. Ọkọ mi ní ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó, pé ilẹ̀kùn wa ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà Oyigbo nígbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ padà. Mo máa ń rò ó bóyá ó yè, bóyá fọ́tò náà débẹ̀ lásìkò. Nígbà míì ẹ̀rù máa ń bà mí pé fọ́tò lè dé, kó wá jẹ́ pé òun gan-an ló ti kú, kí ilé máa fi fọ́tò tó dúró jiyàn pé ó wà láàyè. Mo máa ń lé èrò náà lọ bí ẹni lé adìẹ.

Ogun parí ní 1970. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Obìnrin kan ni, ó pupa, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó mú aṣọ kan tí wọ́n ká dání. Sójà náà dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Ayọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n pariwo, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú sí mi, ó ń mi orí pé rárá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àpò.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ni obìnrin náà wí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúnlẹ̀. “Èmi ni ìyàwó ilé rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò tí wọn ò fi ṣú mi lópó. Ẹ ṣeun mà.”

Mo ní kò tọ́pẹ́.

“Nínú àpò rẹ̀ ni mo ti rí èyí nígbà tó wálé.” Ó tú aṣọ náà. Ọ̀já mi ni. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti já. “Mo bi í, ó ní ìbọn lòun fi ń nù. Ìbọn kì í lo ọ̀já, mà. Mo ní kó mú mi wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ọmọ ta ni wọ́n fi èyí pọ̀n?”

Mo wo ọkùnrin náà. Ó wolẹ̀. Ó ti wù ú kí ìyàwó rò pé ó bímọ síta ju kó mọ̀ pé ó ń gbọ̀n lọ. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ fi pọ̀n,” ni mo wí. “Lẹ́yìn náà mo fi pọn ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ yín ni.”

Ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Mo ní kí àwọn méjèèjì wọlé jókòó. Mo bu omi sí ife méjì, mo gbé e wá, mo dà á sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo gbé ọ̀kan fún ọkùnrin náà. Ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Mo na ife náà sí i, n kò gbé e kúrò níwájú rẹ̀, omi sì ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Ó yọ ọwọ́ jáde nínú àpò nígbẹ̀yìn, ó fi méjèèjì gbà á. Omi dà sí i láyà, ó dà sórí itan rẹ̀, ife náà ń kan eyín rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo tèmi. Ó wo ọ̀já tó wà lórí itan ara rẹ̀.

“Láti ìgbà tó ti dé,” ló wí, “kò mu omi níṣojú mi rí. Ó máa ń ní òùngbẹ ò gbẹ òun ni.”

Ó dìde, ó di ife náà mú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé e sí i lẹ́nu, ọkùnrin náà sì mu ún tán. Mo lọ bu òmíràn wá.